Òjìjí Ibú Aró

Àwọn ẹlẹ́ja ọjà Ìsẹ́yìn ti sọ mí lórúkọ. Ìyá Afẹjasímú ni wọ́n ń pè mí, wọn kì í sì í dúró kí n kọjá tán kí wọ́n tó pè é. Bí mo bá ti yọ ní ìsọ̀ àkọ́kọ́ báyìí, wọ́n á máa tọ́ ara wọn, wọ́n á ní, "Ìyá Afẹjasímú ti dé o, ẹ nu ẹja yín dáadáa." Mi ò bínú sí wọn, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò lè ra ẹja, ìbáà ṣe yíyan, ìbáà ṣe tútù, ìbáà jẹ́ èyí tó ti di òkúta nínú yìnyín, kí n má gbé orí rẹ̀ sún mọ́ imú, kí n fa òórùn rẹ̀ símú, kí n dúró díẹ̀, kí n tún fà á. Ọmọ-ọmọ mi tó máa ń bá mi gbé agbọ̀n a máa wolẹ̀ nígbà náà bí ẹni tí nǹkan bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tó jẹ́ àlejò nínú ọjà náà bi mí bóyá mo rò pé òun fi májèlé sínú ẹja òun ni. Àwàdà ló fi ṣe, gbogbo ìsọ̀ sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe fẹ́ dá a lóhùn ni ọkùnrin kan tó ń ti oko bọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó gbé páǹpù tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn kọ́ ẹ̀yìn, òórùn oògùn náà sì lù mí nímú. Ó korò, ó ń ta ni lọ́fun, ó dà bíi kẹrosín-ìn tí wọ́n da ata gbígbẹ sí. Mo gbé ẹja náà kalẹ̀. Ojú kan náà ni ọjà Ìsẹ́yìn kúrò níwájú mi, tí mo tún rí ara mi lọ́mọdé létí Ibú Aró, tí ìyá àgbà dúró tì mí, tó mú òkú ẹja lọ́wọ́, tó gbé e sí imú tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí a máa sọ pé mo fura jù. Ìfura loògùn àgbà. Ẹ jókòó, kí n sọ ibi tí imú mi ti kọ́gbọ́n fún yín.

Abúlé wa kò tóbi. Bí ẹ bá kúrò ní Tẹ̀dé, tí ẹ fi títì sílẹ̀, tí ẹ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó la àárín igi ẹmi àti igi ìgbá kọjá, ẹ óò ti gbọ́ igbe ewúrẹ́ wa kí ẹ tó rí òrùlé páànù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, òrùlé Baálẹ̀. Koríko bẹẹrẹ ni gbogbo ilé yòókù. Odò kékeré kan tó máa ń lọ bá Òfiki gba ìsàlẹ̀ abúlé náà kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò yìí a gbẹ, a di iyanrìn lásán tí àwa ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ òfìfo sáré lórí rẹ̀, tí yóò máa jó wa lẹ́sẹ̀ tí a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ibì kan ṣoṣo ni kì í gbẹ. Ibẹ̀ là ń pè ní Ibú Aró, nítorí pé omi rẹ̀ ṣú dúdú bí omi inú ìkòkò aláró, bí ènìyàn bá sì ju òkúta sí i, ó máa ń pẹ́ kí ó tó dà bí ẹni pé ó balẹ̀.

Gbogbo ẹja odò náà, àrọ̀ ni o, epìyà ni o, ibú yìí ni wọ́n ń sá sí bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jáde tọmọtọmọ bí òjò bá dé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a máa sọ pé àká ẹja ni ibú náà, pé ẹni tí kò bá jẹ́ kí àká rẹ̀ ṣófo kò ní bẹ̀rù ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó sì ń ṣọ́ àká ọ̀hún fún wa ni òjìjí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò rí òjìjí rí, àfi bóyá nínú ìwé. Ẹja tó ki pọ́pọ́ ni, kò ní ìpẹ́, ó rí ràbọ̀tọ̀ bí ọ̀dùnkún tó jí lójú oorun. Ojú rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ètè rẹ̀ nípọn, ó ní irun imú bíi ti àwọn agbowó-orí àtijọ́. Kò lẹ́wà rárá. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ọwọ́ bá kàn án nínú omi, nǹkan kan á gbọ̀n yín láti ọmọ-ìka títí dé èjìká, eyín yín á pàdé, ẹ óò sì jókòó síbi tí ẹ kò rò pé ẹ óò jókòó sí. Torí náà ni kò sí ọkùnrin tó lè káṣọ sókè, kó wọnú Ibú Aró lọ fa àwọ̀n. Níbi tí òjìjí bá ti ń ṣọ́de, àwọn ẹja yòókù á rí àyè bímọ.

Ìyá àgbà ló ń so ààlè ibú náà. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, á ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ibú, á so ṣùkù àgbàdo, ògbólógbòó ìgbálẹ̀ àti akísà pupa mọ́ ọn. Láti ìgbà yẹn títí iṣu tuntun fi máa jáde, kò sí ìwọ̀, kò sí àwọ̀n, kò sí ìgèrè, nítorí pé àsìkò tí ẹja ń yé ẹyin nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kálukú lè dẹ ìgèrè rẹ̀. Ti òjìjí yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í pa á ní Ibú Aró, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹni tó bá sì ń so ààlè kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án títí ayé rẹ̀. Ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá rú ààlè náà, ààlè á mú un: ikùn rẹ̀ á wú, á sì máa bì. Alfa abúlé wa a máa wàásù pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò bá ẹ̀sìn mu. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, mo fi ojú ara mi rí i tó fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà rẹ̀, tó da omi hàǹtú náà sẹ́bàá ibú, lẹ́yìn tó ti wo ọ̀tún wo òsì dáadáa.

Ọ̀rẹ́ mi ni Fàtí. Tápà ni bàbá rẹ̀, apẹja tó ti apá Odò Ọya wá, tó kọ́ ahéré sí ìsàlẹ̀ abúlé kí wọ́n tó bí èmi. Nínú gbogbo abúlé, ìgèrè ọkùnrin náà ló dára jù, àwọn àgbà a sì máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá gbogbo abúlé yan ẹja. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá bá ọ yan ẹja, orí ẹja ni tirẹ̀, torí náà orí ẹja kì í wọ́n ní ilé Fàtí. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa orí ẹja mu dé egungun, tí mo fi di ẹni tí ìyá mi ń bi léèrè bóyá òun kò fún un lóúnjẹ.

Eré wa kan wà tí ìyá àgbà kò mọ̀, tàbí tó mọ̀ tí kò sọ. A ó tò létí ibú, a ó di ọwọ́ ara wa mú, Fàtí á wà níwájú torí pé ọmọ apẹja ni, kò sì bẹ̀rù. Á na ẹsẹ̀ sábẹ́ òkúta kan tí òjìjí fẹ́ràn láti sùn sí. A ó dákẹ́ rọ́rọ́. Lójijì ni gbogbo wa á gbọ̀n jìgì lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí Fàtí dé orí ẹni ìkẹyìn, a ó sì ṣubú lu ara wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáwọ́ ni ojo. Mi ò jáwọ́ ọwọ́ Fàtí rí.

Nígbà tó yá ni tábà dé. Tábà ti wà ní ilẹ̀ wa tipẹ́, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Àwọn kan wá láti ìlú, wọ́n ń fún àwọn àgbẹ̀ ní irúgbìn àti ajílẹ̀, wọ́n sì ń fún wọn ní oògùn apakòkòrò nínú gálọ́ọ̀nù. Láàárín ìgbà díẹ̀, kò sí ilé tí kò gbin tábà. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ra rédíò. Àbúrò bàbá mi, Bùọ̀dá Ràṣíìdì, àbígbẹ̀yìn ìyá àgbà, ra kẹ̀kẹ́ tó ní iná níwájú, ó sì máa ń tan iná náà lọ́sàn-án kí a lè rí i. Gbogbo abúlé ń rùn oògùn tábà. Bàbá Fàtí nìkan ni kò gbin ín. Ó ní omi ni òun mọ̀, òun kò mọ ewé.

Òjò ọdún kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ààlè ti wà lójú ọ̀nà, nígbà tí èmi àti ìyá àgbà lọ wo ibú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kí a tó débẹ̀ ni mo ti rí eṣinṣin. Ẹja kún ojú omi, wọ́n da ikùn funfun sókè. Ọ̀pọ̀lọ́ wà lára wọn, alákàn wà lára wọn, òjìjí mélòó kan sì wà nínú wọn, ètè wọn là sílẹ̀. Ìyá àgbà kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú epìyà kan, ó gbé e sí imú, ó fa òórùn rẹ̀, ó dúró, ó tún fà á. Ó wá gbé e sí imú mi.

"Kín lo gbọ́?"

"Oògùn tábà, ìyá àgbà."

"Ó dáa. Pa ẹnu rẹ mọ́."

Ohun tí àwọn ará abúlé sọ yàtọ̀. Àwọn kan ní àrá ló sán sínú omi. Àwọn kan ní ẹnì kan ti rú ààlè, inú ló ń bí ibú. Baálẹ̀ ní kí gbogbo ènìyàn fara balẹ̀, ààlè á mú ẹni náà láìpẹ́, ẹni tó bá ṣàìsàn ni kí a dì mú. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu Baálẹ̀, abúlé dàrú. Kò sẹ́ni tó ṣàìsàn mọ́. Ọkùnrin kan tí eyín ń dùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ọmọ tó gbé àkàrà sẹ́nu, ń lọ sóko lójoojúmọ́, ó ń kọrin. Alfa fúnra rẹ̀ ń gbé ikọ́ mì. Bí ọmọ bá bì, ìyá rẹ̀ á yára bu iyẹ̀pẹ̀ bo èébì náà. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń pọn omi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ, kálukú ń wo ikùn ẹnì kejì rẹ̀. Àní ìyá mi wo ikùn bàbá mi.

Ẹ̀rù ń bà mí nígbà náà, mi ò purọ́. Bí mo bá ń jẹun, mo ń wo ọwọ́ ẹni tó bu ọbẹ̀ fún mi. Mo mọ òórùn yẹn, mo sì mọ̀ pé ó wà ní gbogbo ilé tí wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ.

Ìyá àgbà náà mọ̀. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ló sọ nígbà tó mú mi dání lọ sí ahéré Bàbá Fàtí. Ó jókòó sórí àpótí, ó wo ọkùnrin náà lójú. "Bàbá Fàtí, oògùn tábà ni wọ́n fi pa ẹja wa. Ìwọ nìkan ni o kò ní i nílé. Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá bá ọ. Òjìjí tó ṣẹ́ kù ńkọ́?"

Bàbá Fàtí ní díẹ̀ ṣì ń mí lápá òkè, níbi tí omi tuntun ti ń wọlé, ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá tún da oògùn sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, a kò ní rí irú wọn mọ́.

"Nítorí òjìjí ló ṣe ń da oògùn," ni ìyá àgbà wí. "Kò lè wọ omi. Ó fẹ́ pa ọdẹ kó tó kó ilé. Bá mi kó wọn kúrò níbẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọ tí mo bí. Àgàgà ọmọ tí mo bí."

Lẹ́yìn ahoro ilé àtijọ́ ìyá àgbà, kòtò kan wà tí wọ́n ti wa amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé náà. Òjò ti kún un, koríko ti bò ó, ẹnikẹ́ni kì í sì í débẹ̀ nítorí ejò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni a yàn, nígbà tí gbogbo ọkùnrin abúlé á ti lọ kírun ní Tẹ̀dé. Oòrùn wà lójú ọ̀run gangan. Bàbá Fàtí ń fi igbá bu òjìjí, omi àti ẹja lápapọ̀, ó ní iná wọn kì í gba ara igbá kọjá, ó sì ń fi igbá mìíràn dé e. Ó ń rọra rìn bí ẹni tó gbé ọmọ tó ń sùn. Èmi àti Fàtí dúró létí kòtò, a ń gé koríko kúrò lọ́nà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ti bọ́ sínú kòtò, á yí po lẹ́ẹ̀kan, á wọ ẹrẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ń kí wọn bí àlejò. Ó ní kí wọ́n má bínú, ilé kò tóbi.

Bí a bá rò pé ó parí síbẹ̀, àwa la tan ara wa jẹ. Kò pẹ́ sí i ni Ìyá Fàtí dùbúlẹ̀. Ó ń bì, ikùn rẹ̀ wú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá àgbà sáré lọ síbẹ̀, ó bá ìyókù orí ẹja nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó gbé e sí imú, òórùn oògùn tábà ló gbọ́. Ẹnì kan ti gbé ẹja wá fún un láti yan, ó sì ti jẹ orí tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀.

"Ta ló gbé e wá?"

Ìyá Fàtí wo ojú ìyá àgbà, ó pẹ́ tó ń wò ó. Ó ní òun kò rántí mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: obìnrin tó mọ orúkọ gbogbo ewúrẹ́ abúlé kò rántí ẹni tó gbé ẹja wá bá a. Ìyá àgbà kò bi í mọ́. Bí a ṣe ń padà sílé, ó ń rìn bí ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ ṣófo.

Ìròyìn ti dé ilé Baálẹ̀ kí a tó dé ilé tiwa: ààlè ti mú ẹnì kan. Lábẹ́ igi tó wà níwájú ilé Baálẹ̀ ni gbogbo abúlé pé sí nírọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Bùọ̀dá Ràṣíìdì ló kọ́kọ́ dìde.

"Èmi fi ojú mi méjèèjì rí i," ló wí. "Lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó gbé igbá, ó fi igbá dé e, omi ń kán nídìí rẹ̀. Abẹ́ ààlè ló gbà kọjá. Ẹja ìyá mi ló ń jí kó."

Ariwo sọ. Baálẹ̀ na ọwọ́, ó ní kí wọ́n dákẹ́. Ó kọjú sí Bàbá Fàtí. "Òótọ́ ni àbí irọ́?"

"Òótọ́ ni, Baálẹ̀."

"Níbo lo kó wọn lọ?"

Bàbá Fàtí wo ilẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rárá, mo sì mọ ìdí tí kò fi wò ó. "Mi ò lè sọ, Baálẹ̀."

Wọ́n ní kí ó kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní kí ó gbé ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, kí ó mú ọmọ rẹ̀, kí ó fi abúlé sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan sì ti ń wá iná tí wọ́n á fi sun ahéré náà. Fàtí di ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí a bá ń ṣeré létí ibú. Kò sunkún. Èmi náà kò jáwọ́.

Ìyá àgbà wá dìde. Ó wo Bùọ̀dá Ràṣíìdì. Ó la ẹnu, mo sì rí i pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀, ìbéèrè tó lè tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà ká. Àmọ́ àwọn tó wá iná ti gbé e dé, wọ́n gbé e dání, wọ́n ń retí ilé ẹni tí wọ́n máa sun. Ó pa ẹnu dé. Nígbà tó tún là á, ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde.

"Ẹ fi Bàbá Fàtí sílẹ̀. Èmi ni mo rán an."

"Kín lẹ rán an, Ìyá?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Mo ní kó bá mi kó òjìjí wá."

"Wọ́n dà?"

"Mo ti jẹ wọ́n."

Ìyá àgbà tí kò jẹ́ fi ṣíbí tó kan ọbẹ̀ òjìjí jẹun. Ìyá àgbà tó máa ń kí wọn bí àlejò. Baálẹ̀ bi í bóyá gbogbo wọn ló jẹ. Ó ní gbogbo wọn ni, pé ọjọ́ ogbó ń wu òun, òun gbọ́ pé wọ́n dára fún oríkèé ara. Ó ní òun ló fún Ìyá Fàtí ní orí jẹ níbẹ̀. Ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn pé kí ló dé tí ààlè kò mú ìyá àgbà fúnra rẹ̀.

"Ààlè tèmi ni," ló dáhùn. "Ajá kì í bu ẹni tó ń bọ́ ọ jẹ."

Ó jókòó. Àwọn tó gbé iná wá sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gba ààlè ibú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ó ń bẹ iṣu lójúde, Bùọ̀dá Ràṣíìdì wá jókòó tì í láti bá a bẹ ẹ́. Èmi ń kó èèpo. Ìyá àgbà kò gbé ojú sókè nígbà tó bi í pé, "Ràṣíìdì, ìmáàmù wo lo kírun lẹ́yìn rẹ̀ ní Jímọ̀ ọjọ́ yẹn, tó fi jẹ́ pé etí ibú lo wà?" Iṣu bọ́ lọ́wọ́ Bùọ̀dá. Ó mú iṣu náà nílẹ̀, ó fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ó ń bẹ ẹ́ lọ títí tó fi bẹ ibi tó dára dànù. Ìyá àgbà kò tún bi í mọ́ títí tó fi kú, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi ò lè búra lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ ẹja nílé Bùọ̀dá Ràṣíìdì rí, mi ò sì jẹ ẹ nílé àwọn ọmọ rẹ̀ títí dòní.

Mo bi ìyá àgbà léèrè ìdí tó fi parọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá ní òjìjí wà níbì kan, wọ́n á wá a dé ibẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé ìkòkò ti ṣófo kì í ṣí i wò." Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ náà, oògùn kò wọ Ibú Aró mọ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi pa?

Ìyá Fàtí gbádùn, ṣùgbọ́n wọn kò dúró. Bàbá Fàtí ní ibi tí wọ́n bá ti bi àlejò ní irú ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún bi í. Wọ́n gba ọ̀nà Kíṣí padà sí apá Odò Ọya. Fàtí fún mi ní ìgèrè kékeré kan tó hun fúnra rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́. Ó ní kí n má gbàgbé láti fún àwọn òjìjí inú kòtò ní ekòló, pé èyí tó tóbi jù a máa gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn yòókù. Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà, n kò sì mọ̀ bóyá ó wà láyé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Mo fún wọn ní ekòló. Mo bá wọn kó ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ibi tí mò ń lọ, mo ní mò ń wá ewé ìyá àgbà. Nígbà tí òjò ńlá dé, tí ilẹ̀ kò lè mu omi mọ́, kòtò amọ̀ náà kún, ó bì sí ojú àgbàrá, àgbàrá sì gbé e lọ sínú odò. Èmi àti ìyá àgbà dúró nínú òjò náà, aṣọ wa lẹ̀ mọ́ wa lára, a ń wo omi pupa tó ń lọ. A kò rí ẹja kankan. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ó dàbọ̀ o."

Ìyá àgbà pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Gbogbo abúlé ń retí kí ikùn rẹ̀ wú, kò wú. Bí ó bá sín, àwọn ọmọdé á sá. Nígbà tó wá dàgbà ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n ní òjìjí tó jẹ ló fún un ní ẹ̀mí gígùn, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá òjìjí kiri láti jẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ bàjẹ́. Àwọn tó sin ín ṣì ń pè é ní ìyá tó jẹ ẹja ibú. Mo wà níbẹ̀. Ó dùn mí dé egungun, mi ò sì sọ̀rọ̀.

Ohun gbogbo ti yí padà báyìí. Páànù ti bo gbogbo ilé, ọ̀kadà ń gba ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ wa. Ibú Aró ti di ibi tí wọ́n ń fọ ọ̀kadà, ọ̀rá omi sì kún etí rẹ̀. Ẹni tó ń gbin àgbàdo ń fọ́n oògùn, ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ń fọ́n oògùn, oògùn tí a ń bẹ̀rù nígbà yẹn ti di ohun tí à ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ méjì kan wá sílé mi láti yunifásítì, wọ́n ní ẹja odò wa ń tán lọ, àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá òjìjí ṣì wà níbì kan kí wọ́n lè dáàbò bò ó. Ojú wọn jọ ti ọmọ gidi. Mo fún wọn lómi mu. Mo bi wọ́n ta ló rán wọn, mo tún un bi. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ irú ẹni tí ìyá àgbà ì bá fọkàn tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nítorí pé nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, èmi àti ọmọ-ọmọ mi tó máa ń wolẹ̀ lọ́jà yẹn rìn lọ sí ibì kan lẹ́bàá odò náà. Kì í ṣe Ibú Aró. Ẹrẹ̀ ta sí i lẹ́sẹ̀, ó ní òun fẹ́ ṣan án, ó na ẹsẹ̀ sábẹ́ òkúta kan. Bí ó ṣe kígbe ni ẹyẹ fò lórí igi. Ó jókòó bàà sínú ẹrẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mú. "Ìyá àgbà! Iná mànàmáná wà nínú omi!" Bẹ́ẹ̀ ni òpó iná kan ò sí nítòsí ibẹ̀. Èmi náà jókòó sínú ẹrẹ̀ tì í, pẹ̀lú ìró tuntun tí mo ró, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ní kó tún ẹsẹ̀ nà.

Mo ti kọ́ ọ ní ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ yunifásítì yẹn, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín bóyá òjìjí ṣì wà nínú odò wa, ẹ sọ pé kò sí. Ẹ sọ pé ìyá àgbà kan ló jẹ wọ́n tán.